Epo Pupa Kì í Pa Oró Nínú Ajá

Ní Kubwa, ní Lugbe, ní Nyanya, nínú Àbújá, bí ajá bá jẹ májèlé, epo pupa ni àwọn ará àdúgbò máa kọ́kọ́ dárúkọ. Bẹ́ ẹ bá sáré lọ wo Google, ẹ máa bá a níbẹ̀ náà, pẹ̀lú mílíìkì, ẹyin tútù àti omi iyọ̀. Nígbà tí àdúgbò àti fóònù bá ti sọ ohun kan náà, ta ló tún fẹ́ ṣiyèméjì? Síbẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Epo pupa kì í pa oró, ó sì ti dá kún ikú ajá tí ì bá yè.

Ẹ jẹ́ ká mú ota-pia-pia, torí òun ló wọ́pọ̀ jù nínú ilé wa. Dichlorvos ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Èròjà kan wà nínú ara tó máa ń pa àṣẹ iṣan lẹ́nu mọ́ tí iṣẹ́ bá ti parí. Èròjà yẹn gan-an ni oró yìí máa ń dè mọ́lẹ̀. Itọ́ á máa dà ṣororo, ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀, ara á máa gbọ̀n, dúdú ojú á kéré bí orí abẹ́rẹ́, omi á kún ẹ̀dọ̀fóró. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀. Epo kò lè tú ohun tí oró ti dè. Ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò tiẹ̀ máa ń yòrò nínú epo, wọ́n á jọ wọnú ara ni. Abẹ́rẹ́ atropine ni dókítà ẹranko máa ń gún un, ní ìwọ̀n tó bá ara ajá náà mu.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe máa ń fún un. Mo rí i ládùúgbò wa: maigádì fi ọwọ́ ya ẹnu ajá, ẹnì kan gbé orí rẹ̀ sókè, ẹnì kẹta ń da epo sí i lẹ́nu tààrà láti inú kẹ́ẹ̀gì. Ajá tó ń gbọ̀n ò lè gbé nǹkan mì. Epo ń gba imú rẹ̀ jáde, ó sì ń wúkọ́ ṣáá. Ikọ́ yẹn ni kí ẹ fi mọ̀ pé epo ti gba ọ̀nà èémí lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ajá tó bọ́ lọ́wọ́ májèlé lè tipa bẹ́ẹ̀ kú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, a ó sì máa sọ pé májèlé náà ló le jù.

Ẹnì kan á ní, “Wọ́n fún tèmi, ó sì yè.” Mo gbà á gbọ́. Ó lè jẹ́ pé ìwọ̀nba ló jẹ. Ṣùgbọ́n oògùn eku ló máa ń tàn wá jù. Irú èyí tó ní brodifacoum kì í pa ajá lójú ẹsẹ̀. Kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni, ó sì máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kí àmì tó hàn. Ẹ fún un ní epo lọ́jọ́ Ajé, ó jẹun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ kọ ọ́ síta pé epo ṣiṣẹ́. Ó di ọjọ́bọ̀, èrìgì funfun, ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú. Ẹni tó ti kọ ìròyìn ayọ̀ kì í sábà padà wá kọ èyí, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀rí epo nìkan lẹ máa ń bá lórí Google. Fítámì K1 láti ọwọ́ dókítà, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ni ìtọ́jú rẹ̀.

Lọ́pọ̀ ìgbà sì rèé, májèlé kọ́ rárá. Ọmọ ajá tó ń bì, tó ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tó ń rùn gan-an, ẹ má tíì fẹ̀sùn kan aládùúgbò. Parvovirus, kòkòrò àrùn kan tí wọ́n dá mọ̀ ní 1978, ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Omi tí wọ́n ń fà sára ló nílò; epo á túbọ̀ mú un bì ni. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń dènà rẹ̀, láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, ká máa tún un gún títí ó fi pé ọ̀sẹ̀ 16.

Omi iyọ̀ lè kó iyọ̀ pọ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ títí gìrì á fi gbé ajá. Ní ti hydrogen peroxide tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ pé kí a fi mú ajá bì, 3% ni wọ́n ń sọ, dókítà ló sì ń pàṣẹ rẹ̀. Kò ṣọ̀wọ́n kí tiwa ní kẹ́míìsì jẹ́ 6%, ìyẹn sì lè bó ọ̀nà ọ̀fun ajá.

Ẹ pe dókítà ẹranko, ẹ sọ ohun tó jẹ àti ìgbà tó jẹ ẹ́. Ẹ ya fọ́tò páálí tàbí ìgò, kí orúkọ èròjà hàn. Tó bá jẹ́ ota-pia-pia inú ìgò kékeré tí wọn ò kọ nǹkan kan sí lára, ẹ gbé ìgò náà dání. Bó bá dà sí i lára, ẹ fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bo ọwọ́, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi wẹ̀ ẹ́. Ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu.

Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Àbújá wà ní Gwagwalada, ọ̀nà sì jìn láti Kubwa lóru. Ẹ wá èyí tó sún mọ́ yín lónìí, ẹ béèrè bóyá wọ́n máa ń gbé fóònù lóru, kí ẹ sì fún maigádì ní nọ́ńbà náà, torí òun ló máa kọ́kọ́ rí ajá tó bá ṣubú.