Èrò ọkàn mi: Òkúta kọ́ ló bí ogun M23

Bí ọ̀rọ̀ ogun M23, àwọn ọlọ́tẹ̀ ìlà-oòrùn Congo, bá ti délẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Dùgbẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ pé: "Nítorí coltan, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe fóònù, ni." Mi ò gbà. Òkúta ń bọ́ ogun náà ni, òun kọ́ ló bí i. M23 wọlẹ̀ ní 2013, kò tún gbérí títí di ìparí 2021. Ṣé coltan kúrò nínú ilẹ̀ láàárín ìgbà yẹn ni?

Ọ̀rọ̀ ta ni ọmọ onílẹ̀ ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Òfin 1981 tí Mobutu, ààrẹ Congo nígbà náà, ṣe ló já ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú gbà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ Kinyarwanda, èdè Rwanda. Àmọ́ orúkọ M23 gan-an ni kí ẹ wò. Ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2009 ni ìjọba Congo bá àwọn ọlọ́tẹ̀ CNDP ṣe àdéhùn; ọjọ́ yẹn ni orúkọ náà ti wá. Wọ́n kó wọn wọ iṣẹ́ ológun, wọn ò sì tú wọn ká. Ọ̀gá àtijọ́ náà ni wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, Kivu náà, ní ẹ̀gbẹ́ ibodè Rwanda, ni wọ́n jókòó sí. Nígbà tí ìjọba fẹ́ fọ́n wọn ká ní 2012, wọ́n yarí, wọ́n di M23, wọ́n ní ìjọba ò mú àdéhùn ṣẹ. Oṣù kọkànlá, Goma, ìlú ńlá ní Kivu, bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Ọmọ Ìbàdàn ló yẹ kó mọ ìyókù. Ìbọn tó gba Èkó dé ọ̀dọ̀ Ekìtìparapọ̀ ló dá àwọn baba wa dúró ní Kírìjì, tí Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá sì dí ọ̀nà mọ́ wọn. Bí Èkó ṣe rí fún Ekìtìparapọ̀ ni Rwanda rí fún M23: ẹ̀yìnkùlé wọn ni. Ìjọba Rwanda ní àwọn FDLR, àṣẹ́kù àwọn tó pa ẹ̀yà Tutsi ní Rwanda ní 1994, ló ń ba àwọn lẹ́rù. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ ní 2024 pé ọmọ ogun Rwanda tó wà ní Congo tó 3,000 sí 4,000. Ìyẹn kọjá ẹ̀rù. Láàárín 2012 sí 2013, àwọn orílẹ̀-èdè olówó dá ìrànwọ́ Rwanda dúró, àwọn ọmọ ogun Tanzania, South Africa àti Malawi gbàṣẹ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti bá M23 jà, ọ̀tẹ̀ náà sì tú.

Lóòótọ́, láti ìgbà tí M23 gba Rubaya, ibi tí wọ́n ti ń wa coltan, ní 2024, owó orí coltan tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ tó 800,000 dọ́là lóṣù. Ó di oṣù kìíní 2025, Goma tún ṣubú.

Ní báyìí tí ìjọba Congo àti M23 ti fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní Doha, ibi tí wọ́n máa kó àwọn jagunjagun wọ̀nyẹn sí ni mò ń wò. Bó bá tún jẹ́ Kivu, lábẹ́ ọ̀gá kan náà, a jẹ́ pé ìwé 2009 ni wọ́n tún kọ.