Ẹ yé bi í pé ta ló ṣẹ̀

Ó ń dùn mí wọra, ohun tí ojú àwọn tí àrùn MND (motor neurone disease) bá mú ń rí ní Ìkòròdú níbí. Ọwọ́ èèyàn á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rọ, àdúgbò á ti dájọ́: "Àsàsí ni! Ta ló ṣẹ̀?" Àwọn mìíràn á ní rọpárọsẹ̀ ni.

Rọpárọsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń fà, òjijì ló máa ń dé. MND ní tiẹ̀ ń yọ́ wọlé ni. Bàbá télọ̀ kan wà ládùúgbò wa, itòsí ọjà Sábó ni ṣọ́ọ̀bù wọn. Bọ́tìnì ni wọn ò kọ́kọ́ lè rán mọ́. Nígbà tó yá, sálúbàtà ń bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn. Ẹran tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka kejì jìn wọnú, ti apá ń jó fúnra rẹ̀ lábẹ́ awọ. Kò sì dùn wọ́n rárá, ìyẹn ni wọn ò fi tètè lọ sọ́sibítù.

Iṣan tó ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ dé ẹran ara ló ń kú díẹ̀díẹ̀. Ẹran tí àṣẹ ò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́ á máa rù. Ọwọ́, ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu, oúnjẹ gbígbé mì, títí dórí èémí. Irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù ni ALS (amyotrophic lateral sclerosis), tí Charcot, dókítà ará Faransé, ti ṣàlàyé láti 1869. Kì í ràn. Ọ̀pọ̀ kì í lò ju ọdún 2 sí 5 lọ, àmọ́ Stephen Hawking, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, tó mú lọ́mọ ọdún 21 pé 76 kó tó kú.

Mi ò ní parọ́, kò tíì ní ìwòsàn. Oògùn Riluzole tó ti wà láti 1995 kàn ń dá a dúró díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n owó tó ń bá ètùtù àti ìsọjí lọ ìbá ra kẹ̀kẹ́ aláìsàn.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni bí wọ́n ṣe ń jókòó ti Bàbá, tí wọ́n ń ka ẹ̀ṣẹ̀ wọn sílẹ̀ bí ẹni pé wọn ò sí níbẹ̀. Làákàyè Bàbá pé! Wọ́n ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ojú ni wọ́n fi ń dáhùn báyìí: ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ẹ sì ní sùúrù.

Bí ọwọ́ ẹnìkan bá ń rù láìdùn nílé yín, ẹ tètè gbé e lọ bá dókítà ọpọlọ àti iṣan, bí àwọn tó wà ní LUTH, ọsibítù ńlá Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà. Àwọn àìsàn tó jọ ọ́ wà tó ṣeé wò, bí eegun ọrùn tó tẹ iṣan mọ́lẹ̀.