Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọdé Jíròrò Filọ́sọ́fì ní Kíláàsì

Ọmọ tí ó bá bi òbí rẹ̀ pé ṣé irọ́ tí a pa kí inú ẹlòmíràn má baà bàjẹ́ burú tó irọ́ tí a pa láti fi jalè, ìbéèrè filọ́sọ́fì gan-an ni ó béèrè, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ tí ìmọ̀ náà ń jẹ́. Ìdáhùn kúkúrú ni ó sábà máa ń gbà, tàbí kí wọ́n ní kí ó lọ kàwé rẹ̀. Èrò tiwa ni pé ó yẹ kí gbogbo ilé-ìwé, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé girama, ya àkókò kan sọ́tọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọmọ yóò fi jíròrò irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ láàárín ara wọn, kí olùkọ́ máa tọ́ ọ̀rọ̀ náà sọ́nà láìparí rẹ̀ fún wọn.

Bí a ṣe ń ṣe é kò ṣòro. Àwọn ọmọ á jókòó yí ká kí gbogbo wọn lè máa rí ojú ara wọn. Wọ́n á ka ìtàn kúkúrú kan. Àwọn fúnra wọn ni yóò gbé ìbéèrè kalẹ̀, wọn yóò sì dìbò yan èyí tí wọ́n fẹ́ jíròrò. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti máa bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi sọ ohun tí wọ́n sọ, kí ó sì wádìí bóyá ẹnikẹ́ni ní àpẹẹrẹ tí ó ta ko ọ̀rọ̀ náà. Matthew Lipman, tí ó ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà, ni ó sọ èyí di ètò ẹ̀kọ́ tí ó ní ìwé àti ìlànà, nítorí ó ṣàkíyèsí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kò mọ bí a ṣe ń gbé èrò ka orí ìdí tí ó múná dóko, ó sì gbà pé ó ti pẹ́ jù láti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn nígbà náà. Ní 1974, òun àti Ann Margaret Sharp dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan sílẹ̀ fún un ní Montclair, ní ìpínlẹ̀ New Jersey.

Àwọn kan ń sọ pé ọpọlọ ọmọdé kò tíì gba irú èrò bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń fi iṣẹ́ Jean Piaget, onímọ̀ nípa bí ìrònú ọmọdé ṣe ń dàgbà, gbè ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀, ẹni tí ó ní ó di nǹkan bí ọdún 11 kí ọmọ tó lè ronú jinlẹ̀ nípa ohun tí kò ṣeé fojú rí. Gareth Matthews, onímọ̀ filọ́sọ́fì ará Amẹ́ríkà, ta ko èyí nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1980, níbi tí ó kó ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọdé jọ sí. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ nǹkan bí ọdún 6 tí ó ń lá ìkòkò lọ́wọ́, bi bàbá rẹ̀ pé báwo ni a ṣe lè mọ̀ dájú pé gbogbo nǹkan kì í ṣe àlá. René Descartes, onímọ̀ filọ́sọ́fì ará Faransé, béèrè ohun kan náà nínú iṣẹ́ ńlá rẹ̀ ní 1641.

Àtakò tí ó wúwo jù lójú wa ni ti Plato, onímọ̀ filọ́sọ́fì ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, tí ó kìlọ̀ pé bí àwọn ọ̀dọ́ bá tètè tọ́ àríyànjiyàn wò, wọn yóò sọ ọ́ di eré, wọn yóò sì máa fa ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni tí ó bá súnmọ́ wọn ya bí ọmọ ajá ṣe ń fa nǹkan ya. Ìbẹ̀rù yìí tọ̀nà. Ẹni tí ó bá ti wo ìdíje àríyànjiyàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí yóò mọ̀ pé ọmọ lè mọ ọ̀rọ̀ sọ láìbìkítà bóyá òótọ́ ni ohun tí ó ń sọ. Ṣùgbọ́n nínú ìjíròrò tí à ń sọ yìí, kò sí adájọ́, kò sì sí ẹni tí ó borí. Ọmọ tí ó bá fẹ́ ta ko ẹnìkejì rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ onítọ̀hún sọ títí onítọ̀hún yóò fi gbà pé ohun tí òun sọ nìyẹn, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò lè ṣe. Fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n máa ń bẹ̀rù ohun tí ẹgbẹ́ wọn yóò sọ, àǹfààní ńlá ni kí wọ́n rí ibi tí ènìyàn ti lè sọ pé òun ti yí èrò òun padà láìsí pé wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

A kò ní fi máàkì ìdánwò polówó ẹ̀kọ́ yìí. Ní England, ìwádìí kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 48, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2015, fi hàn pé àwọn ọmọ tí ó kópa tẹ̀ síwájú díẹ̀ sí i nínú ìwé kíkà àti ìṣirò; ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní ilé-ìwé tí ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, èsì tí ó jáde ní 2021 kò rí irú ìlọsíwájú bẹ́ẹ̀. Ìdí tiwa ni pé ọmọ tí yóò dìbò lọ́la, tí ó sì ń pàdé irọ́ àti òótọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́, ní láti kọ́ bí a ṣe ń béèrè ìdí àti bí a ṣe ń fetí sí ẹni tí kò gbà pẹ̀lú wa. Ìdánwò yóò ba èyí jẹ́, nítorí pé bí ọmọ bá ti mọ̀ pé olùkọ́ yóò fi máàkì sí i, ohun tí olùkọ́ fẹ́ gbọ́ ni yóò máa wá.

Ọ̀dọ̀ olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ ti le. Olùkọ́ tí ó bá ń béèrè ìbéèrè tí ó ti ní ìdáhùn rẹ̀ lọ́wọ́ yóò pa ìjíròrò, èyí tí ó bá sì gba gbogbo ọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n dọ́gba yóò ṣe ìpalára ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí a kì í dìbò lórí ohun tí ẹ̀rí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi bí a ṣe ń darí ìjíròrò kún ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́, kí àwọn wọ̀nyí sì ti jókòó nínú irú ìjíròrò bẹ́ẹ̀ fúnra wọn, kí wọ́n tó wá àyè fún un nínú ètò iṣẹ́ kíláàsì. Bí owó ọdún yìí kò bá tó ohun méjèèjì, ti olùkọ́ ni kí wọ́n ṣe.