Ìwọ̀n Kọ́ Ló Ń Kan Ẹ̀ṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Kí abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò Terence Crawford tó bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Canelo Álvarez jà ní September 2025, èmi wà lára àwọn tó ń pariwo pé wọ́n fẹ́ lọ pa ọmọ ọlọ́mọ. Ìṣirò mi ò le rárá. Ìpele ìwọ̀n pọ́ùn 154 ni Crawford ti jà kẹ́yìn, 168 ni ilé Canelo, pọ́ùn 14 ló wà láàárín wọn, Crawford sì ti pé ọmọ ọdún 37. Mo tiẹ̀ kọ ọ́ síbí pé Canelo yóò gbá a sùn kí ráúǹdì kẹjọ tó parí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ya fọ́tò ọ̀rọ̀ náà pamọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ò jẹ́ kí n gbàgbé.

Crawford na Canelo. Kì í ṣe oríire, kì í ṣe màgòmágó. Adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fún un ní máàkì tó ju ti Canelo lọ: 116-112, 115-113, 115-113. Èmi tí mo ní ìjà ò ní kọjá ráúǹdì kẹjọ ni mo jókòó wo méjìlá pé.

Látọjọ́ náà ni mo ti ń ro bí àwa olólùfẹ́ ẹ̀ṣẹ́ ṣe ń jiyàn. Bí ẹnìkan bá ti béèrè pé "tí lágbájá bá pàdé tàmẹ̀dò ńkọ́?", nọ́ńbà ìpele la kọ́kọ́ ń dì mú. Pọ́ùn mélòó ni? A ó yọ èyí kúrò nínú ìyẹn, ó parí, a ti dájọ́. Bíi pé òṣùwọ̀n ló fẹ́ wọ ríìngì.

Ẹ̀gbọ́n kan wà tá a jọ máa ń wo ìjà, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu wọn. Lọ́jọ́ tí Crawford àti Canelo gun òṣùwọ̀n, táwọn méjèèjì wọn 167.5, àyà àti ikùn Crawford ni èmi ń wò, mo ń wá ibi tí ọ̀rá fara pamọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n ní kí n dá fídíò náà dúró níbi tí wọ́n ti kojú síra wọn. Wọ́n fi ìka kan ojú fóònù. "Wo apá." Mo wò ó. Gíga àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá na ọwọ́ méjèèjì gbalaja, ti Crawford jẹ́ íńṣì 74, ti Canelo 70.5. Ẹni tá a ń pè ní kékeré lọwọ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ débi tí ó ń lọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, apá ò gba ẹ̀ṣẹ́ Canelo dúró o." Wọn ò fèsì. Lálẹ́ ọjọ́ ìjà, ọwọ́ iwájú Crawford ń kan Canelo lójú bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, Canelo ń ju ẹ̀ṣẹ́ ńláńlá, afẹ́fẹ́ ló ń bá. Mo yíjú sí Ẹ̀gbọ́n. Omi ni wọ́n ń mu jẹ́jẹ́.

Ohun kejì tí mo fojú fò ni àkókò. August 2024 ni Crawford bá Israil Madrimov jà, kò sì tún wọ ríìngì títí di ọjọ́ Canelo. Ó lé ní ọdún kan. Gbogbo wa ń sọ pé ara rẹ̀ á ti dípẹtà. Àṣé ó ń kọ́ ara rẹ̀ fún ìpele tuntun ni! Oleksandr Usyk náà ò kánjú. Ó kó gbogbo bẹ́líìtì ìpele 200 jọ ní July 2018, ó bá ẹni méjì jà láàárín àwọn ọ̀gbọ̀nràn, ìyẹn ìpele tó wúwo jù, kó tó kojú Anthony Joshua ní September 2021. Ọdún mẹ́ta gbáko. Nígbà tó máa fi dé ọ̀dọ̀ Joshua, pọ́ùn 221 ni, Joshua 240, síbẹ̀ a ò rí ibi tí pọ́ùn 19 yẹn ti ran Joshua lọ́wọ́.

Ẹ fi èyí wé ti Mikey Garcia. Abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò gidi ni, ó gba bẹ́líìtì ní ìpele mẹ́rin, láti 126 dé 140. Ní March 2019 ó ní Errol Spence lòun ń fẹ́, ní 147. Inú wa dùn, a ní ọgbọ́n á ṣẹ́gun agbára. Spence ga jù ú lọ, apá rẹ̀ gùn ju tiẹ̀ lọ, ìpele náà sì ti mọ́ ọn lára. Àbájáde rẹ̀ rèé: 120-107, 120-108, 120-108. Garcia ò rí ráúǹdì kan ṣoṣo gbà lọ́wọ́ adájọ́ kankan. Ọgbọ́n wà lórí rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò tó ibi tí ọgbọ́n ní kó débẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá bi mí pé "ṣé ó lè gòkè?", èmi náà á bi í pé lọ bá ta? Ẹ wo Dick Tiger. Ìpele 160 ló ti di ògbólógbòó ọ̀gá, kò ga ju ẹsẹ̀ márùn-ún àti íńṣì mẹ́jọ lọ. Ní December 1966 ó gòkè lọ sí 175, ó na José Torres, ó gba bẹ́líìtì. Nígbà tó di May 1968, ní ìpele 175 yẹn kan náà, ó kojú Bob Foster, ẹni tó ga ní ẹsẹ̀ mẹ́fà àti íńṣì mẹ́ta. Ráúǹdì kẹrin ni Foster fi ọwọ́ òsì gbé e ṣubú, òun nìkan ló sì gbá Tiger sùn rí ní gbogbo ìgbà tó fi jà. Ìpele ò yí padà. Ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ ló yí padà. Canelo fúnra rẹ̀ gbá Sergey Kovalev sùn ní 175 ní 2019, ó wá padà síbẹ̀ ní 2022, Dmitry Bivol sì ṣe é bí ọṣẹ ṣe ń ṣe ojú.

Gbogbo èyí ṣì jẹ́ ti gígòkè. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí jù ni sísọ̀kalẹ̀, nítorí a kì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù rẹ̀. A gbà pé ẹni ńlá tó sọ̀kalẹ̀ wá bá ẹni kékeré ló ni àǹfààní. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́.

Roy Jones ló kọ́ mi. Ní March 2003, ẹni tó ti gba bẹ́líìtì rí ní 160 gòkè lọ bá John Ruiz láàárín àwọn ọ̀gbọ̀nràn. Jones wọn 193, Ruiz 226. Jones fi eré ẹsẹ̀ àti ọwọ́ kíá ṣe Ruiz bó ṣe fẹ́, ó gba bẹ́líìtì WBA, ọ̀kan nínú àwọn àjọ tó ń fi bẹ́líìtì àgbáyé lélẹ̀. Kò sí ẹni tó rí i lálẹ́ ọjọ́ yẹn tó máa sọ pé ó ti ń darúgbó. Ó wá ní òun ń padà sí 175. Pọ́ùn 18, tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ iṣan tó fara ṣiṣẹ́ fún, ló ní láti bọ́ dànù. Ní November ọdún kan náà ó bá Antonio Tarver jà, ó fi agbára káká borí. Ẹ lọ wo ojú rẹ̀ nínú fídíò náà: ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti jìn, ẹnu là sílẹ̀, ó ń fẹ̀yìn ti okùn bí ẹni tí oorun ń kùn. Ní May 2004, Tarver gbá a sùn ní ráúǹdì kejì. Ní September, Glen Johnson tún gbá a sùn. Àwọn kan ní ọjọ́ orí ni. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ò wọlé láàárín oṣù mẹ́jọ. Ara tó gbé e gòkè kò gbé e sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀.

Oscar De La Hoya ńkọ́? December 2008, òun lẹni ńlá, Manny Pacquiao tó gba bẹ́líìtì àgbáyé àkọ́kọ́ ní 112 lẹni kékeré. Èmi àti gbogbo ayé ní ìpànìyàn ni. De La Hoya ti pẹ́ tó ti wọ 147 kẹ́yìn, ó sì fún ara rẹ̀ pọ̀ títí ó fi wọn 145 lórí òṣùwọ̀n. Lẹ́yìn náà ló ń wá omi àti oúnjẹ tí yóò dá agbára padà. Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́. Lẹ́yìn ráúǹdì kẹjọ, ó jókòó sórí àpótí, kò dìde mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Kell Brook. Gbogbo ènìyàn rántí pé ó gòkè láti 147 lọ bá Gennady Golovkin ní 160 ní September 2016, tí egungun ojú ọ̀tún rẹ̀ fi fọ́, tí àwọn tirẹ̀ ju táwẹ́ẹ̀lì wọlé ní ráúǹdì karùn-ún. Ohun tá a kì í sọ ni pé ó tún padà fún ara rẹ̀ pọ̀ sínú 147, tó kojú Spence ní May 2017, tí egungun ojú òsì náà sì fọ́. Lọ síwájú, bọ̀ sẹ́yìn, láàárín oṣù mẹ́jọ. Igi gogoro kan ti gún un lójú, ó tún lọ bá èkejì.

Ẹ máa rántí pé nọ́ńbà tá a fi ń jiyàn yìí, ìṣẹ́jú kan péré ló fi ń jẹ́ òótọ́. Ọjọ́ tó ṣáájú ìjà ni wọ́n ń wọn wọ́n. Kó tó dìgbà náà, ẹni náà á ti wà nínú yàrá gbígbóná tòun ti aṣọ ọ̀rá, kò mumi, á máa tutọ́ sínú ike kí ìtọ́ pàápàá lè dín ìwọ̀n kù. Tó bá kúrò lórí òṣùwọ̀n, ó di mímu, ó di jíjẹ. Ní February 2000, 141 ni àdéhùn láàárín Arturo Gatti àti Joey Gamache. Nígbà tí Gatti máa fi wọ ríìngì, 160 ni wọ́n ní ó jẹ́. Gamache ò tó 150. Ráúǹdì kejì ni ìjà parí, ọpọlọ Gamache sì fara pa débi pé kò jà mọ́ láéláé. Tẹ́ ẹ bá wá bi mí pé pọ́ùn mélòó ló wà láàárín àwọn méjèèjì, èwo ni kí n sọ nínú ìwé, èwo ni kí n sọ nínú ríìngì? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àjọ IBF, tí òun náà ń fi bẹ́líìtì lélẹ̀, tiẹ̀ ń tún wọn wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ ìjà fún bẹ́líìtì wọn, kí ẹnikẹ́ni má fi ju pọ́ùn 10 lọ kọjá ìpele. Ó dáa, ṣùgbọ́n ó tún lè di kí ẹni tó tóbi máa fi ebi wọ ríìngì.

Ti ìwọ̀n àdéhùn tí ẹni tó lówó jù máa ń gbé kalẹ̀, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Chris Eubank kékeré fi 0.05 pọ́ùn kọjá 160 nígbà tó fẹ́ bá Conor Benn jà ní April 2025, wọ́n sì gba £375,000 lọ́wọ́ rẹ̀. Ó borí, ilé ìwòsàn ló gbà lọ lẹ́yìn ìjà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pe ìyẹn ní ọgbọ́n òwò, ẹ máa pè é bẹ́ẹ̀.

Àríyànjiyàn tó wà lórí tábìlì wa báyìí ni ti Naoya Inoue. Ó gba bẹ́líìtì àkọ́kọ́ ní 108 ní 2014, ó ti kó gbogbo bẹ́líìtì jọ ní 118 àti 122. Ẹ ní kó gòkè lọ sí 126, ẹ ní pọ́ùn mẹ́rin péré ni, kí ni pọ́ùn mẹ́rin? Luis Nery gbé e ṣubú ní 122, Ramón Cárdenas náà gbé e ṣubú níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dìde na àwọn méjèèjì. Ẹsẹ̀ márùn-ún àti íńṣì márùn-ún ni Inoue. Rafael Espinoza tó gba bẹ́líìtì WBO ní 126 ní December 2023, ẹsẹ̀ mẹ́fà àti íńṣì kan ni. Pọ́ùn mẹ́rin lórí òṣùwọ̀n, íńṣì mẹ́jọ nínú ríìngì. Tèmi ni pé kó jókòó sí 122.

Mo gbé fọ́tò àwọn méjèèjì síra, mo fi han Ẹ̀gbọ́n tayọ̀tayọ̀, mo ní, "Ẹ wo apá." Wọ́n wò ó, ó pẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá fi ìka sọ̀ kalẹ̀ lójú fóònù, láti àyà Espinoza dé ìbàdí, wọ́n ní, "O ò rí i pé ikùn ọkùnrin yìí náà gùn?"