Gary Coleman tẹ́ ẹ fi ń ṣẹ̀sín

Wọ́n tún ti gbé ọ̀rọ̀ Gary Coleman, òṣèré ọmọ Amẹ́ríkà tó gbajúmọ̀ láti kékeré, dé orí ayélujára. "Ẹ rántí ọmọ yìí? Máígádì ló padà dà o!" Àwọn èèyàn wá ń da ẹ̀rín sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń kọ "ayé ń yí." Ó sú mi. Ìgbà wo ni iṣẹ́ máígádì di ẹ̀sín? Ṣé ẹni tó ń jalè ló yẹ ká máa kí kú iṣẹ́ ni?

Ẹni tó bá wo Diff'rent Strokes, eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, kò lè gbàgbé Arnold, ọmọ tí Gary ṣe nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Gary nígbà tí eré náà bẹ̀rẹ̀ ní 1978, ó sì wà níbẹ̀ títí tó fi parí ní 1986. Wọ́n ní nígbà tó gbóná jù, apá kan ṣoṣo ń mú nǹkan bíi 100,000 dọ́là wá fún un. Kúkúrú tẹ́ ẹ fi ń ṣàwàdà yẹn, àìsàn kíndìnrín àti oògùn rẹ̀ ló fà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún un, ní 1973 àti 1984. Ìkejì yìí, eré ṣì ń lọ lọ́wọ́! Ó ń ṣàìsàn, ó ń pa yín lẹ́rìn-ín.

Owó náà wá dà? Ní 1989, ó pe àwọn òbí rẹ̀ àti ẹni tó ń bójú tó òwò rẹ̀ lẹ́jọ́ lórí owó tó yẹ kí wọ́n tọ́jú dè é. Ní 1993, ilé ẹjọ́ dá a láre, wọ́n ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 1.28 dọ́là fún un. Bẹ́ẹ̀ ìpínlẹ̀ California ti ṣòfin lórí owó àwọn ọmọdé òṣèré láti 1939, nítorí Jackie Coogan, ọmọdé òṣèré mìíràn tí ìyá rẹ̀ àti ọkọ ìyá rẹ̀ náwó rẹ̀ tán. Ní 1999, Gary lọ sọ nílé ẹjọ́ pé òun ò lè san gbèsè òun mọ́.

Ọdún tó ṣáájú èyí ló lọ ra aṣọ ayẹta tó fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ máígádì. Obìnrin kan ní kó fọwọ́ sí ìwé fóun, bí wọ́n ṣe máa ń bẹ àwọn gbajúmọ̀, ọ̀rọ̀ dàjà, Gary bá gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Kò dáa, mi ò gbè é. Ṣùgbọ́n ó ní ṣe lobìnrin náà ń fòun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti tó ogún ọdún tí gbogbo ayé ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún un.

Àwọn òbí yẹn ni mi ò tíì mọ ohun tí mo lè sọ sí. Àwọn kọ́ ló bí i, wọ́n gbà á tọ́ láti jòjòló ni. Nọ́ọ̀sì ni ìyá náà. Nígbà tí àìsàn dé, ta ló ń gbé e lọ sí ọsibítù, tó ń ṣọ́ ọ lóru? Nílé tiwa, ta ni yóò jókòó ka owó mọ́ irú ìyá bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́? Adájọ́ rí ìwé owó, èmi ò rí i. Mo fẹ́ pè wọ́n lólè, ẹnu mi kọ̀ ọ́.