"Gift" ti Jámánì àti "gift" ti Gẹ̀ẹ́sì: ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n

Wọ́n ń gbé e kiri pé májèlé ni "gift" jẹ́ ní gbogbo Yúróòpù, pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ṣì í gbọ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ di ẹ̀bùn. Irọ́ ni.

Lóòótọ́, májèlé ni *Gift* jẹ́ lédè Jámánì òde òní, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ẹ̀bùn ló ṣáájú. Ara "fífúnni" ni gbogbo wọn ti yọ: *geben* lédè Jámánì, *give* lédè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Jámánì fúnra wọn ṣì ní *Mitgift*, ẹrù tí ìyàwó ń gbé lọ sílé ọkọ, kò sì sí májèlé níbẹ̀. Ibo wá ni májèlé gbà wọlé? *Dosis* ni, ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún "ohun tí a fúnni", tí Látìn yá fún ìwọ̀n oògùn. *Gift* ni àwọn Jámánì fi túmọ̀ rẹ̀, ó sì di àdàpè fún ohun tí wọ́n ń fún èèyàn mu kó lè kú. Nígbà tó yá, àdàpè gba ipò orúkọ. *Geschenk* ni ẹ̀bùn ń jẹ́ lọ́dọ̀ wọn báyìí.

Ní Swídìn, Dẹ́ńmáàkì àti Nọ́wè, *gift* jẹ́ májèlé, ó tún jẹ́ "ẹni tó ti ṣègbéyàwó". (Ẹ rọra rẹ́rìn-ín o: fífi ọmọ fọ́kọ ni ìtumọ̀ kejì yẹn ti wá.) Àwọn ará Nẹ́dálándì ya tiwọn sọ́tọ̀: *gift* ni ọrẹ, *gif* ni májèlé.

Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ náà ní ọ̀rọ̀ yìí, "yift" ni wọ́n ń pè é, owó orí ìyàwó ló sì jẹ́. Ìró *g* òde òní, ọ̀dọ̀ àwọn ará Skandinéfíà ló ti dé.

Ẹ bá rí *Gift* tàbí *giftig* ("tó ní májèlé") lára ìgò ní Jámánì, ẹ má ṣí i.