Aago Méje Wo Lẹ Ń Sọ?

Ta ló ní kí wọ́n tún gbé ìrìnàjò mìíràn kalẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ta ni? Àná ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa fi í sórí WhatsApp: Conwy, Caernarfon, Beaumaris àti Harlech, ilé olódi mẹ́rin ní Wales, lọ́jọ́ kan ṣoṣo! Láti Peckham ní London! Ó lé ní 250 máìlì kéèyàn tó dé Caernarfon. Wọ́n ní bọ́ọ̀sì á gbéra ní aago 5 ìdájí. Àwa tí aago 7 ò ṣeé ṣe fún.

Ṣé ìrìnàjò wa tó kọjá sí Kent, tí wọ́n ní bọ́ọ̀sì á gbéra ní aago 7 àárọ̀, ti kúrò lọ́kàn yín ni? Kò tíì kúrò lọ́kàn tèmi.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ń bọ̀ ní Sátidé yẹn. Mi ò délé. Ibi iṣẹ́ ni mo ti bọ́jú, ibẹ̀ náà ni mo ti wọ ańkárá ẹgbẹ́ (pọ́n-ùn 30 ni wọ́n ta á, yàtọ̀ sí pọ́n-ùn 45 owó ọkọ̀, ta ló ń dá aṣọ ẹgbẹ́ láti lọ wo ògiri?). Aago 7 ku ogún ìṣẹ́jú, mo ti wà ní Old Kent Road. Àwa mẹ́sàn-án péré ló wà níbẹ̀, àti awakọ̀, òyìnbó àgbàlagbà kan tó ti nu ọkọ̀ rẹ̀ títí ó fi ń dán gbinrin. Aago 7 lù. Ó di 7:30. Mo pe ẹ̀gbọ́n kan, wọ́n ní, "Àbúrò mi, mo ti wà lójú ọ̀nà." Ojú ọ̀nà wo? Mò ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà nínú balùwẹ̀! Ẹlòmíràn ní òun ń wọ bàtà lọ́wọ́. Mo ní bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rán bàtà ọ̀hún ni. Aago 9 ti kọjá kí ìyàwó alága tó gúnlẹ̀ pẹ̀lú kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù mẹ́ta. Wọn ò kí wa kú ìdúró o. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu wọn ni pé, "Ṣé ẹ gba àyè iwájú sílẹ̀ fún mi?"

Ó wá kan àdúrà. Mi ò bá àdúrà jà. Ṣùgbọ́n a gbàdúrà fún awakọ̀, a gbàdúrà fún táyà kọ̀ọ̀kan, a fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo ọ̀nà márosẹ̀ M20, a bá a dé ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbà lọ́jọ́ náà. A ṣe àmín tán, Alfa wa náà ní kò ní burú kí òun ṣe tòun. Aago 10 ku mẹ́wàá lọkọ̀ tó yí táyà.

Ọgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń pe Kent. Oko ápù, àgùntàn lórí òkè, àwọn ilé roboto olórí ṣóńṣó tí wọ́n fi ń sá hops, òdòdó tí wọ́n fi ń pọn bíà, láyé àtijọ́. Ohun tí mo sanwó fún nìyẹn. Wọ́n sì fa gbogbo kọ́tìnì pa, torí oòrùn ń ta sójú tẹlifíṣàn tí wọ́n fi ń wo fíìmù orogún. Mo ṣí tèmi díẹ̀, wọ́n pariwo lé mi lórí. Ẹnì kan ṣoṣo tó bá mi yọjú wòta, iye tí wọ́n ń ta àgùntàn níbẹ̀ ló ń bi mí, nítorí Iléyá.

A dé Leeds Castle lọ́sàn-án. (Ẹ jẹ́ ká fi ti ẹni tó ní kí ọmọ òun tó wà ní ìlú Leeds wá pàdé wa níbẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ Maidstone ní Kent ló wà, ìyá mi!) Ààfin tó dá dúró sáàárín omi, tí Ọba Henry Kẹjọ tún ṣe fún Catherine ti Aragon, olorì rẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣé a wọlé? A ṣí kúlà ní páàkì ọkọ̀. Ìgbà tí a jẹun tán, àwọn bàbá méjì kó sínú ọgbà kan tí wọ́n fi igi yew 2,400 gbìn lọ́nà tí èèyàn á fi ṣìnà nínú rẹ̀. Wọ́n sì ṣìnà lóòótọ́. Àádọ́ta ìṣẹ́jú! Mo pe fóònù ọ̀kan nínú wọn, ó ní kí n ní sùúrù, òun ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ìkòròdú lọ́wọ́.

Aago 5 ti kọjá ká tó dé ilé olódi Dover. Bó bá ku wákàtí kan kí wọ́n tilẹ̀kùn, wọn kì í gba èrò mọ́. Mo ti ka èyí sí wọn létí láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ilé gogoro tí Henry Kejì kọ́ láàárín 1180 sí 1189, tí ògiri rẹ̀ nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà 21 níbòmíràn, ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì ni mo ti wò ó bí ẹni ń wo ìpolówó ọjà.

Ẹ sì mọ ohun tó dùn mí jù? Abẹ́ ilé olódi yẹn gan-an, nínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú òkè funfun, ni Admiral Ramsay, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, jókòó sí lọ́dún 1940, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tó fi ṣètò bí wọ́n ṣe kó ọmọ ogun tó lé ní 338,000 kúrò ní Dunkirk ní ilẹ̀ Faransé. Ọjọ́ mẹ́wàá péré! Jámánì ń ju bọ́ǹbù lé wọn lórí, ọkọ̀ ojú omi àwọn apẹja wà lára ohun tí wọ́n fi kó wọn. Àwa èèyàn 49, kò sí bọ́ǹbù, kò sí Hitler, a ò lè kúrò ní Old Kent Road!

Wọ́n wá ní kí awakọ̀ dúró dìgbà tí a bá ya fọ́tò tán. Ó ní ẹ̀rọ kan wà nínú ọkọ̀ tó ń ka wákàtí òun, òun ò gbọdọ̀ kọjá ohun tí òfin là kalẹ̀. Bàbá kan ní ká fún un ní nǹkan kó bá wa pa ẹ̀rọ náà. Mo fi ìborùn bojú.

Àwọn yìí kan náà, bí bàálù Èkó bá máa gbéra ní aago 10 àárọ̀, aago 4 ìdájí ni wọ́n ti máa ń wọ́ ẹrù wọn ní Heathrow. Wọ́n mọ aago dáadáa!

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Kí bọ́ọ̀sì Wales lọ sùn síwájú ilé alága láti Wẹ́sìdeè, kí gbogbo wa máa gbé inú rẹ̀. Tàbí kí wọ́n bá Ọba Charles sọ̀rọ̀, kó tú Caernarfon ní òkúta kọ̀ọ̀kan, kó wá tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngán ìpàdé wa. A ó ṣì pẹ́ dé ibẹ̀.

Ní ti àsansílẹ̀ pọ́n-ùn 20 tí akọ̀wé ní ká san kó tó di Fráídè, "lásìkò o, kí ẹnikẹ́ni má pẹ́": ẹ̀gbọ́n mi, mo ti wà lójú ọ̀nà. Mò ń wọ bàtà lọ́wọ́.